Ọjọ́ Kẹjọ Lẹ́yìn Géètì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Olúwabùnmi bímọ ní Lálùpọn. Títíladé, ìyá rẹ̀, wà ní oko adìẹ kan lójú ọ̀nà Erunmu, ibi tí ọ̀kadà kò ní lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni wà ní Mẹ́kà ló rí. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí wọ́n ti ti géètì mọ́ òun àti ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ mìíràn nítorí àrùn kòrónà. Orí fóònù ló ti gbọ́ igbe ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó dúró sáàárín kíréètì ẹyin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, inú sì ń bí i, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká má parọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò burú lójú ẹnikẹ́ni. Ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé. Alága, ẹni tó ni oko, ránṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní Bódìjà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa sùn sóko fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí wọ́n má baà máa kó àrùn wọlé wá, nítorí adìẹ ò mọ kónílé-ó-gbélé, ojoojúmọ́ ló ń yé. Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di méje. Wọ́n kó obìnrin mẹ́rìnlá sínú ilé adìẹ kan tó ṣófo, wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ tí òórùn ìgbẹ́ adìẹ ò tíì kúrò lára rẹ̀, àwọn kan náà ló sì ń pariwo láràárọ̀ pé kí èèyàn jìnnà síra. Ìbòmú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pín fún wọn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àwọn mìíràn ń fọ tiwọn títí ó fi já. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ògì ló ń fi tiẹ̀ sẹ́.

Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ara géètì. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, máníjà oko, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dùn ún wò. Ohun tó kọ ni pé ẹni tó bá jáde láìgbàṣẹ, kó má wulẹ̀ pa dà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbàṣẹ jáde, kò gbọdọ̀ wọlé kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, ìbáà jẹ́ ta ni. Ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ “ìbáà jẹ́ ta ni” yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí bébà yìí, a ṣì ń pa dà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ọkọ Bùnmi, tó ń wa tírélà, wà ní Ìlọrin, ibodè ti sé mọ́ ọn. Aládùúgbò wọn kan, Ìyá Ammar, ló ń bá a wẹ ọmọ. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fọ abọ́ ló ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀, Bùnmi á gbé fóònù sílẹ̀ nítòsí wọn, ìyá rẹ̀ á sì máa darí ìwẹ̀ náà láti inú oko adìẹ.

“Ìyá Ammar, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Ẹ na apá ẹ̀! Ẹ nà án dáadáa, kì í ṣe ẹyin! Ṣé ẹ ti tẹ orí ẹ̀? Ẹ fi ọwọ́ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ fi ra á lára?”

“Òróró.”

“Òróró wo?”

“Èyí tó wà nílé ìdáná.”

“Òróró tí wọ́n fi ń dín dùńdú? Olúwabùnmi! Ibo ni àdín tí mo fi sílẹ̀ wà?”

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé adìẹ á máa rẹ́rìn-ín. Òun ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Bùnmi nìkan ló bí, bàbá Bùnmi ti kú, ìkómọ sì di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹjọ. Tí ìyá ìyá ọmọ ò bá sí níbẹ̀ láti gbé e lọ́wọ́ kó sì sọ ọ́ lórúkọ, ta ni yóò ṣe é? Ìyá Ammar olóròóró dùńdú? Ó búra pé ọjọ́ kẹjọ kò ní bá òun lẹ́yìn géètì yẹn.

Lọ́jọ́rú, ó lọ bá máníjà ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ.

“Ìyá Bùnmi, ẹ kú oríire o,” Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran sọ. “Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kẹ́ ẹ lọ, ẹlòmíràn náà á ní ọmọ òun bímọ.”

“Ṣé gbogbo wọn ló máa bímọ lọ́sẹ̀ kan náà ni, sà?”

“Ẹ ṣáà mọ ohun tó wà nínú bébà.”

“Bébà ní ẹni tó bá gbàṣẹ lè jáde, kó lo ọjọ́ mẹ́rìnlá nílé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ fún mi láṣẹ.”

“Ẹyin ńkọ́? Ta ló máa ṣà á? Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Bùnmi, àṣẹ ò sí.”

Ó kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú eruku lórí eékún. Bó ṣe ń gbọn eruku náà ló ń rò ó pé ṣé òun nìkan ni? Bàbá ẹnì kan ń ṣàìsàn ní Kásúmù. Òjò oṣù kẹta ti ṣí òrùlé Alàgbà Múyì tó ń bu oúnjẹ fún adìẹ, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sùn sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Leah, ọmọ Bàtíìsì tó ń kọ iye ẹyin sílẹ̀, ti sún ìgbéyàwó rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Tí wọ́n bá pín wọn sí méjì, kí apá kan ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí apá kejì sinmi nílé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kò sófin kòrónà kankan tí wọ́n rú. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè yanjú ni. Ohun tí Títíladé ò mọ̀ ni pé bíbá máníjà sọ̀rọ̀ ni apá tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ tó fẹ́ dáwọ́ lé.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n pàdé nínú sítọ́ọ̀ oúnjẹ adìẹ. Alàgbà Múyì ní ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Alàgbà Kérúbù àti Séráfù ni, ọkùnrin tó lè gbàdúrà fún bátìrì tọ́ọ̀ṣì títí yóò fi tàn. Ó gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún dókítà, ó gbàdúrà fún àwọn tó wà lójú òkun, láìmọ ẹni tó ní lójú òkun. Nígbà tó máa fi ṣe àmín, agogo ti lù, wákàtí oúnjẹ ti parí. Wọn ò tíì sọ gbólóhùn kan.

“Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Bùnmi,” ó sọ bí wọ́n ṣe ń jáde. “A ti fi lé Olúwa lọ́wọ́.”

“Alàgbà, Olúwa ò sí lẹ́yìn géètì. Àwa la wà níbẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí Alága pé kó pín wọn sí méjì. Leah gba iṣẹ́ náà, ó sì kọ ọ́ lédè òyìnbó tó le débi pé òun nìkan ló gbọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní òyìnbó náà ò tíì le tó, Alága ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn ní ó ti le jù, wọ́n á ní ìgbéraga ni. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò tán, wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan tó ti ń pariwo láti ọjọ́bọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà ní ọwọ́ ń dun òun. Lẹ́tà náà sùn sínú àpò Leah, ó sì gba ìsinmi níbẹ̀.

“Mummy, ṣé kí n kọ ọ́ ní Yorùbá ni?” Leah bi Títíladé.

“Kọ ọ́ lédè tó bá wù ọ́. Ṣé èdè ló ń bà wọ́n lẹ́rù ni?”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àgbààgbà inú wọn ní kò yẹ kí wọ́n yájú sí ọ̀gá, kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ là á bẹ òṣìkà pé kó tún ìlú ẹ̀ ṣe. Èèyàn mẹ́fà lọ bẹ máníjà. Máníjà ní òun á bá Alága sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ẹ ṣé, sà,” wọ́n sì pa dà wá pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tó ti gba géètì náà rù wálé. Títíladé bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí gbà. Wọ́n ní máníjà gbọ́ wọn dáadáa, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n jókòó. Inú bí Títíladé débi pé ó lọ bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ó ní ó kéré tán, tí èèyàn bá ti adìẹ mọ́lé, ó máa ń ké.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn tí wọ́n ń ṣe nínú sítọ́ọ̀, kò dúró de àdúrà ìparí. Ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò mọ̀wé. Ọmọ mi bímọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò tíì fojú kàn án. Alàgbà, ìyàwó yín ń sùn lórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Leah, ọkọ rẹ máa tó fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín o: kí ni wọ́n ń kó jáde níbí? Ẹyin ni. Ta ló ń ṣà á? Àwa ni. Lọ́la, a ò ní ṣà á, títí wọ́n á fi pín wa sí méjì, kí apá kan máa sinmi nílé.”

Alàgbà Múyì ní adìẹ ńkọ́, adìẹ ò ṣẹ̀ wọ́n. Títíladé ní wọ́n á bu oúnjẹ, wọ́n á bu omi, ẹyin nìkan ni wọn ò ní fọwọ́ kàn. Ìyẹn tẹ́ Alàgbà lọ́rùn. Ó sì jọ pé bí ó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tẹ́ àwọn yòókù lọ́rùn, nítorí orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Nǹkan kan kù,” Títíladé sọ. “Mo mọ̀ wá. Tí a bá ti kúnlẹ̀ níwájú èèyàn báyìí, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn. Lọ́la, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún máníjà o. Tí Alága fúnra rẹ̀ bá dé, ẹ kí i lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé ‘Ẹ ṣé, sà.’ Ṣé a gbọ́ ara wa?”

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n sì búra, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n bọ́ adìẹ, wọ́n fún un lómi, wọ́n wá lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, ẹyin ti kún ẹnu kéèjì débi pé wọ́n ń yí lura wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tó wá kó ẹyin lọ sí ọjà Ṣáṣá ń fọn fèrè lóde géètì. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran jáde. Ó jágbe mọ́ wọn, ó dẹ́rù bà wọ́n, ó dárúkọ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ẹbí. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀. Ọkùnrin àgbájọ ọwọ́ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, Títíladé fi ẹsẹ̀ kàn án, ó sì ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà. Máníjà wọ ọ́fíìsì pa dà pẹ̀lú fóònù létí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méje, ọkàn Títíladé fúyẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Wọ́n ti múra sílẹ̀ de máníjà, wọ́n ti múra sílẹ̀ de Alága, Leah tilẹ̀ ti ronú ohun tí wọ́n máa sọ fún ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó ronú kan Mama Ìjàyè.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Mahfuz, tó ń ṣọ́ géètì, ṣí i gbàràgàdà fún jíìpù dúdú kan. Ìyá tó bí Alága lọ́mọ ló wà nínú rẹ̀, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ọmọ bíbí Ìjàyè. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, kò sí ìbòmú lẹ́nu wọn. Máníjà gbé àga wá, wọn ò jókòó. Wọ́n rọra wá síwájú àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ máńgòrò, máníjà sì ń gbé àga náà tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbọ́ pé ọmọ mi ṣẹ̀ yín. N kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, n kò sì wá bèèrè. Ìyá ló ń bẹ̀bẹ̀ fọ́mọ. Ẹ wo ewú orí mi.”

Wọ́n fi ọ̀pá ti ẹ̀gbẹ́ àga. Wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan di àga mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, eékún kan lẹ́yìn èkejì, ó ń dún kẹ̀kẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta nínú yín ló máa dúró, kí ẹni tó tó bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ máa kúnlẹ̀ fún un? Ẹnìkan pariwo pé èèwọ̀. Ẹnìkan ti fò dìde, ó ti sáré dé ọ̀dọ̀ Mama kí eékún wọn tó kan ilẹ̀, ó ti gbá wọn mú lápá.

“Èèwọ̀! Mama, ẹ má kúnlẹ̀! Ẹ dìde, mà! A ti gbà! A ti gbà, mà!”

Títíladé ni.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni gbọ́ ohùn aládùúgbò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ti wó lulẹ̀, obìnrin lórí eékún, ọkùnrin lórí àyà, wọ́n ń pariwo pé, “A ti gbà o, mà!” Àná ló mú kí gbogbo wọn búra pé àwọn ò ní kúnlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá fi ẹnu ara rẹ̀ tú gbogbo rẹ̀ ká. Ẹnu rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n lẹ bébà mọ́, kì í ṣe géètì. Mama ń ṣàdúrà fún wọn, wọ́n ń ṣe àmín. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran dúró lẹ́yìn wọn, ẹ̀rín ń jò lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ.

“Ó yá, ẹ lọ bá mi ṣa ẹyin o, ẹ̀yin ọmọ mi,” Mama sọ, wọ́n sì kọjú sí jíìpù.

Títíladé ń wò wọ́n lọ. Ojú rẹ̀ kan géètì. Àárín ìlú Ìbàdàn ni Mama ti wá, láìbo imú, láìfọ ọwọ́, géètì sì ṣí fún wọn. Wọ́n á tún ṣí i kí Mama lè jáde. Mama á sì dá jáde, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, bí ẹni tí kò lọ́mọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé àgbà tó bá wá síni nílé, a kì í jẹ́ kó dá lọ.

“Mama,” ó ké sí wọn. “Ẹ rìn láti Bódìjà wá bẹ̀ wá pẹ̀lú ọjọ́ orí yín. Ẹ jẹ́ ká sìn yín dé ojú títì, mà.”

Mama dúró. Ojú wọn dán.

“Ha! Ọmọ tí wọ́n tọ́! Mo ti rò pé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ò sin àlejò mọ́.” Wọ́n yíjú sí dírẹ́bà. “Máa gbé mọ́tò níṣó, èmi á bá àwọn ọmọ mi fẹsẹ̀ rìn díẹ̀.”

“Mà,” Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran sáré wá, “ẹ jọ̀ọ́, mà, géètì... wọn ò gbọdọ̀...”

“Kí ni wọn ò gbọdọ̀? Kí wọ́n sin mí? Ọláníran, ṣé ilé tí wọ́n ti ń jẹ́ kí arúgbó dá lọ ni wọ́n ti bí ọ?”

“Rárá, mà.”

“Fún wọn láṣẹ kí wọ́n máa bọ̀, kò rọrùn fún mi láti dúró pẹ́.”

Òógùn bo máníjà. Kò sí ibi tó fẹ́ gbà. “Mahfuz,” ó sọ, “ṣí i fún wọn.”

Bí àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe jáde nìyẹn, Mama láàárín, Títíladé lápá ọ̀tún wọn, Alàgbà Múyì níwájú tó ti dá orin sílẹ̀. Kò ju ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ, láti géètì dé títì, ṣùgbọ́n Mama ń dúró kí ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bèèrè ilé bàbá rẹ̀. Lójú títì, wọ́n gbé Mama sínú jíìpù, wọ́n ju ọwọ́ sí wọn títí mọ́tò fi fi ojú rẹ̀ pa mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó fẹ́ ya Títíladé ní wèrè ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn yí pa dà, wọ́n ń lọ sí oko! Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Mama, wọ́n ń sọ pé arúgbó yẹn mà láájò, ẹsẹ̀ wọn sì ń gbé wọn lọ sẹ́yìn géètì bí adìẹ tí ilẹ̀ ṣú.

“Ibo lẹ̀ ń lọ?” ó kígbe tẹ̀lé wọn. “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Oko,” Alàgbà Múyì dáhùn. “Ṣebí a ti gbà?”

Kí ó tó dáhùn, wọ́n ti dé iwájú géètì, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti tì í pa. Mahfuz dúró nínú, ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an gẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ́. Òun náà kò sì tíì rí ilé láti ọ̀sẹ̀ méje.

“Ọjọ́ mẹ́rìnlá,” Mahfuz sọ.

“Mahfuz, ṣílẹ̀kùn!” Máníjà ń sáré bọ̀ láti inú oko. “Jẹ́ kí wọ́n wọlé! Ta ló ní kó o tì í?”

Mahfuz fi ìka tọ bébà náà lẹ́sẹlẹ́sẹ, bí ẹni ń ka kéwú. “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Ẹni tó bá gbàṣẹ jáde, kò gbọdọ̀ wọlé kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Ẹ̀yin lẹ fún wọn láṣẹ. Ẹ tún wá fàlà sí ìbáà jẹ́ ta ni.”

“Mo mọ ohun tí mo kọ! Ẹ gbàgbé bébà yẹn!”

Títíladé ti dé ẹ̀yìn wọn, mímí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. “Ká gbàgbé ẹ̀, sà? Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe tíì rí ọmọ-ọmọ mi. Tí bébà bá di irọ́ lónìí, irọ́ ni láti ọ̀sẹ̀ méje. Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ẹ kú ìnáwó ẹyin. Èwo ni ká mú, sà?”

Leah ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá yé ọkùnrin àgbájọ ọwọ́, ó ju fìlà sókè. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ó yé wọn. Alàgbà Múyì nìkan ló ṣì dúró, ó ń wo òrùlé ilé adìẹ.

“Adìẹ ńkọ́, Ìyá Bùnmi?”

“Oúnjẹ wọn wà nílẹ̀ di àárọ̀, Alàgbà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran sì lọ́wọ́ méjì. Ẹ lọ wo òrùlé yín.”

Òun ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó gun ọ̀kadà ní títì, ó sì dé Lálùpọn kí oòrùn tó wọ̀. Ó wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó fọ aṣọ tó wọ̀, ó wá ìbòmú tuntun bo imú, kó tó wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ fún Ìyá Ammar pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn ń sunkún ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ló wẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, omi ń ru, àdín wà lápá ọ̀tún, kànìnkànìn wà lápá òsì. Ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù dún. Kò ní gbé e, ṣùgbọ́n Bùnmi ti tẹ̀ ẹ́, ó ti gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Mummy!” Leah ni. “Wọ́n ti pè wá pa dà o! Iwájú géètì la wà. Alága ti gbà, wọ́n ti pín wa sí méjì, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì! Máníjà ń ka orúkọ.”

“A dúpẹ́,” Títíladé sọ. “Jẹ́ kí n wẹ ọmọ.”

Leah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ó ti kà á tán, Mummy. Ọgbọ̀n ni. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀.”

Omi tó wà lọ́wọ́ Títíladé jò tán. Bùnmi wo ojú ìyá rẹ̀, ó yíjú kúrò. Iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó tún omi bù, ó dà á sí ọmọ lẹ́yìn.

“Kí lẹ wá sọ?” ó bi Leah. “Ẹ ti ní ‘Ẹ ṣé, sà,’ àbí?”

“A ò tíì wọlé. Alàgbà ní àwọn ò ní wọlé láìsí yín.”

“Alàgbà? Láìgbàdúrà?”

“Ó ní òun á gbà á tó bá yá.” Leah ń sáré sọ̀rọ̀. “Ṣùgbọ́n Mama Ìjàyè tún ti dé, Mummy. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan ò yẹ kó da ilé rú. Wọ́n ti fi ọ̀pá ti ara géètì. Wọ́n ti ń ká ìró wọn sókè! Kí la máa ṣe?”

Ọmọ bú sẹ́kún. Títíladé yí i sí ikùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná pa á lẹ́yìn títí ó fi dákẹ́. Ó ti rí i pé ẹnikẹ́ni ò lè dúró lórí ìdúró kí Mama kúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò lè ṣe é.

“Ẹ ṣáájú wọn kúnlẹ̀,” ó sọ. “Gbogbo yín, tọkùnrin tobìnrin. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dìde, ẹ sọ fún wọn pé ìyá ọlọ́mọ kan lẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ má dìde títí wọ́n á fi kọ orúkọ mi.”

Ó gbọ́ ohùn Leah tó ń pariwo fún àwọn yòókù. Ó gbọ́ ariwo òkúta wẹ́wẹ́ iwájú géètì lábẹ́ eékún ọgbọ̀n èèyàn. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ Mama, ohùn wọn jìnnà, ẹnu ń yà wọ́n.

“Ẹ dìde o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní kẹ́ ẹ dìde.”

Títíladé dá ọwọ́ dúró lára ọmọ. Nínú fóònù, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó dá orin.

“Leah,” ó rọra pè é, “wọ́n ti dìde?”

“Rárá, Mummy. Kò sẹ́ni tó dìde.”